Aṣọ Funfun Létí Pápá Bésíbọ́ọ̀lù

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọ́n gbọ́dọ̀ fà mí lọ́wọ́ kí n tó lè sọdá Rye Lane, àwa ọmọ Yorùbá kò tíì pọ̀ ní Peckham nílùú òyìnbó níbí bí a ṣe pọ̀ lónìí. Kì í ṣe gbogbo ìgbà lèèyàn ń rí iṣu rà, ìjọ aláṣọ funfun tí à ń lọ kò sì ní ilé tirẹ̀. Gbọ̀ngàn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ìṣeré la máa ń háyà lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Ẹ fi pápá yẹn sọ́kàn, ẹ̀yin ọmọ mi, torí òun ló kó bá wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, ìsìn ti parí, ìyá mi dúró sí ìpàdé àwọn obìnrin, èmi àti bàbá mi sì ń gba etí pápá lọ sílé. Sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn bàbá mi, wọn ò sì wọ bàtà, nítorí nínú ìjọ wa, ẹni tó bá wọ sùtánà kì í wọ bàtà. Àwọn géńdé kan wà nínú pápá. Ọ̀kan nínú wọn ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, àwọn tó kù ń pariwo lé e lórí, àfi gbì! Ó ṣubú sínú eruku, ó sì nà gbalaja síbẹ̀. Kí n tó mọ̀, bàbá mi ti já ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n sáré wọ pápá, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé ọmọkùnrin náà lórí.

"O ò ní kú! You will not die! Ikú ò ní pa ọ́ lójú mi!"

Ọmọkùnrin náà ò ní ikú kankan lọ́kàn. Ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ wọ́ ara rẹ̀ nílẹ̀ kí bọ́ọ̀lù má baà ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó ń lọ. Bésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá, eré àwọn ará Amẹ́ríkà. Ẹnì kan á ju bọ́ọ̀lù, ẹlòmíràn á fi kóńdó gbá a lọ jìnnà, á wá sáré gba ibùdó mẹ́ta kọjá kó tó padà síbi tó ti gbéra, tí wọ́n ń pè ní ilé. Bó bá délé kí bọ́ọ̀lù tó dé, àmì ayò kan nìyẹn. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín, bàbá mi náà rẹ́rìn-ín, èmi nìkan ni ojú ń tì. Àmọ́ ẹgbẹ́ yẹn, tí kò tíì borí ẹnikẹ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, borí lọ́jọ́ náà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ní ọkùnrin aláṣọ funfun ló fa oríire, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ kó tún wá.

Bàbá mi tún lọ. Ohun tó wuni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Láìpẹ́, kò sí ohun mìíràn lẹ́nu wọn mọ́. Ọkọ̀ ojú irin ni bàbá mi ń fọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kò sì sẹ́ni tí í bi wọ́n ní èrò wọn níbi iṣẹ́. Ní pápá, wọ́n ní èrò lórí ohun gbogbo. Bàbá òyìnbó kan máa ń ti Forest Hill wá pẹ̀lú àga tó ṣeé ká àti ajá arúgbó, òun ló kọ́ wọn ní òfin eré náà. Àwa tí à ń wòran kò ju mẹ́rin lọ, bí ẹ bá ka ajá náà mọ́ wa. Nílé, agolo mílíìkì ni ibùdó kìíní, agolo tòmátò ni ìkejì, ìkòkò iyọ̀ ni ìkẹta, èmi ni wọ́n ń ní kí n máa sáré yí pálọ̀ ká.

"Ilé làbọ̀ sinmi oko, òun náà ni gbogbo eré yìí," bàbá mi á wí.

"Ẹ dá agolo tòmátò mi padà, mo fẹ́ se ọbẹ̀," ìyá mi á dáhùn.

Mi ò gbọ́ kí bàbá mi gbàdúrà fún ẹgbẹ́ yẹn rí. Wọ́n ní Ọlọ́run kì í gbè sẹ́yìn kóńdó kankan. Wọ́n kàn ń dúró síbẹ̀ nínú sùtánà ni. Ṣùgbọ́n etí ọba nílé, etí ọba lóko, ènìyàn ní í jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan lọ sọ fún Bàbá Olùṣọ́, olórí ìjọ wa. Ọdún náà gan-an ni wọ́n sì fẹ́ fi òróró yan bàbá mi ní Alàgbà, ohun tí wọ́n ti ń retí láti ìgbà tí wọn ò tíì bí mi. Ìyá mi tilẹ̀ ń retí rẹ̀ jù wọ́n lọ. Wọ́n ti ra aṣọ àmùrè tuntun, wọ́n ti pe àwọn ẹbí tó wà ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Elephant, wọ́n ti ra ìrẹsì ìdúpẹ́. Bàbá Olùṣọ́ wá kìlọ̀, ó ní sùtánà kì í ṣe aṣọ ibi ìṣeré, pé bí òun bá tún rí sùtánà kankan láti ilé wa ní pápá, kí a gbàgbé òróró ọdún yẹn.

Bàbá mi gbọ́ràn. Ṣòkòtò ni wọ́n ń wọ̀ lọ, ẹgbẹ́ náà sì padà sídìí à ń fìdí rẹmi. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìfòróróyàn, Bàbá Olùṣọ́ ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá gbàdúrà nílé wa ní aago mẹ́rin. Bàbá mi ṣèlérí pé a óò ti délé. Aago mẹ́ta lù, eré ò parí. Aago mẹ́rin fẹ́ẹ̀ lù, eré ò tíì parí. Bí mo ṣe gbójú sókè, ìyá mi ni mo rí. Ìpàdé àwọn obìnrin ni wọ́n ti ń bọ̀ tààrà, nínú sùtánà, láìwọ bàtà, pẹ̀lú ìbínú.

"Daddy wọn, ṣé ẹ mọ time báyìí? Bàbá Olùṣọ́ ti fẹ́ dé!"

"Ó ku díẹ̀. Eré yìí ò ní time."

"Game wo ni ò ní time? Shift gan-an ní time!"

Ṣùgbọ́n àwọn agbábọ́ọ̀lù ti rí aṣọ funfun. Wọ́n hó yèè. Bàbá Forest Hill dìde, ó fi àga rẹ̀ lọ ìyá mi. Wọn ò jókòó, àmọ́ wọn ò lọ mọ́.

"Ta ni ìyẹn tó dá dúró lọ́hùn-ún?" ìyá mi bi bàbá mi.

"Tiwa ni. Ibùdó kẹta ló wà. Tó bá lè délé báyìí, a ti ta ọ̀mì."

"Kí ló wá dúró ń ṣe?"

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, kóńdó ró, ọmọkùnrin náà gbéra. Ìyá mi ju báàgì sílẹ̀. "Sá wá! Sá wá, ọmọ mi! Come, come, come!" Ó wọ́ ara rẹ̀ nínú eruku, bọ́ọ̀lù dé, rẹfirí sì na ọwọ́ pé kò débẹ̀. Eré parí, a ti fìdí rẹmi. Nígbà tí màá fi wẹ̀yìn, ìyá mi ti wà láàárín pápá, ìka wọn sún mọ́ imú rẹfirí.

"Ó débẹ̀! I saw the leg! Ẹsẹ̀ ẹ̀ débẹ̀ before ball, ojú mi méjèèjì ló rí i!"

Bàbá Olùṣọ́ ti lọ sílé wa, ilẹ̀kùn títì ló bá. Etí pápá ló gbà padà. Ó dúró, ó wo ìyá mi láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n pe orúkọ àwọn tí wọ́n fẹ́ fòróró yàn, wọn ò pe ti bàbá mi. Ó dùn mí gan-an, mo sunkún. Àwọn ẹbí wa láti Elephant ń wo ilẹ̀. Nígbà tí a jáde, mo rò pé ìjà máa bẹ́. Ìyá mi gbé kúlà ìrẹsì tí wọ́n ti sè sílẹ̀ fún ìdúpẹ́, wọ́n wo bàbá mi.

"Aago mélòó ni wọ́n máa start lónìí?"

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pààrọ̀ aṣọ, a wọ bàtà, a sì gbé ìrẹsì náà lọ sí pápá. Àwọn agbábọ́ọ̀lù jẹ ẹ́ tán pátápátá, ata sì mú kí wọ́n máa sunkún. Bàbá mi gba òróró nígbẹ̀yìn, lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. A ò fi sùtánà dé pápá mọ́, a ò sì pa ọjọ́ Ìsinmi kan jẹ.

Ayé ti yí. Ìjọ wa ti ní ilé tirẹ̀, iṣu sì wà lórí àtẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ Rye Lane dé òpin rẹ̀. Fìlà bésíbọ́ọ̀lù wà lórí gbogbo ọmọkùnrin tó ń kọjá. Bàbá mi ò ní ọ̀kan rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ọmọ mi ti Sydenham wá kí mi, mo bi í pé ẹgbẹ́ wo ló ni fìlà orí rẹ̀.

"Grandma, mi ò know. It's just a cap, innit."

Mo sọ ìtàn yìí fún un. Ó yọ nǹkan tó kì bọ etí kan, ó gbọ́ ọ dópin, ó wá béèrè bóyá wọ́n borí lọ́jọ́ tí a gbé ìrẹsì lọ. Mo ní rárá, wọn ò borí lọ́jọ́ náà, wọn ò sì borí lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n títí ìyá mi fi kú, wọ́n ṣì ń jiyàn pé ẹsẹ̀ ọmọkùnrin yẹn débẹ̀.