Ìjókòó Ẹ̀yìn Tí Kò Ní Bíréèkì

Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni Nurain fi wa takisí ní Woolwich ní London, kò sì sí ìgbà tí ẹlòmíràn fi ọkọ̀ gbé e tó dákẹ́ rí. Bí ẹlòmíràn bá ń wa ọkọ̀ tó gbé e, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á máa tẹ bíréèkì tí kò sí níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ á sì máa bá ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Kàfí ìyàwó rẹ̀ ṣe ìdánwò ọkọ̀ wíwà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Nurain sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí gbogbo mọ́sálásí fi gbọ́. "Kàfí tún ti kọlu ògiri," ló máa ń wí. Kò kọlu ògiri kankan o. Obìnrin náà kàn ń gbọ̀n lójú ẹni tó ń dán an wò ni.

Nígbà tí ọdún 2015 ń parí lọ, dókítà ojú ní kí Nurain má wakọ̀ mọ́. Ojú ọ̀tún ti lọ pátápátá kó tó mọ̀ pé ohunkóhun ń ṣe é. Irú àrùn yẹn kì í dunni, díẹ̀díẹ̀ ló ń jí ìríran gbé láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Tòsì ló ṣẹ́ kù, òun náà sì dà bí ìgbà téèyàn ń wo ìta láti inú páìpù. Dókítà fún un ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú, ìgò kékeré kan lóṣù. Ó ní kó máa kán an lálaalẹ́, kó má fo ọjọ́ kan. Èyí tó ti lọ ò ní padà wá, ṣùgbọ́n èyí tó kù lè dúró.

Ohun tí dókítà ò mọ̀, tí Kàfí náà ò sì mọ̀, ni pé Nurain kì í kán an lálaalẹ́. Bashiru ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń ránṣọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní àrùn kan náà. Ọ̀dọ̀ bàbá wọn ni àwọn méjèèjì ti jogún rẹ̀. Oògùn tí Bashiru ń rà nígboro, kò sẹ́ni tó lè sọ èyí tó jẹ́ ojúlówó nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń burú sí i. Ni Nurain bá dá ọgbọ́n kan. Ìgò oṣù yìí á jẹ́ tirẹ̀, ìgò oṣù tó ń bọ̀ á bá ẹni tó ń lọ sílé lọ. Ní oṣù tí kò bá ní oògùn, á wọ ilé ìwẹ̀ lálẹ́, á fi omi ẹ̀rọ kán ojú, á sì jáde wá máa ṣẹ́jú kí Kàfí lè rí i. Ọmọ ìyá ẹni, ta ló fẹ́ kó fọ́jú? Ó mọ̀ dájú pé bí Kàfí bá fi lè gbọ́, ìgò kan ò tún ní kúrò ní Thamesmead tí wọ́n ń gbé mọ́. Nítorí náà ló ṣe panu mọ́ fún bí ọdún méjì.

Amos ló mú ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ wọ ilé wọn. Ọmọ Èkó ni Amos, ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Thamesmead West, ó sì ní kẹ̀kẹ́ mẹ́rin tó ní ìjókòó méjì méjì, tó fi ń mú àwọn tí ojú wọn kò dára jáde. Ẹni tó ríran ló ń jókòó síwájú. Òun ló ni bíréèkì, òun ló ń darí. Ẹni ẹ̀yìn á kàn máa fẹsẹ̀ wà á ni. Kàfí tí kò lè wa mọ́tò, àṣé ó ti ń gun kẹ̀kẹ́ láti kékeré n'Íbàdàn. Ó gun ọ̀kan lọ lórí ọ̀nà gíga tó lọ sí Crossness, níbi tí mọ́tò kì í dé, ó padà wá, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Anisah, ó yá, ẹ gùn ún," ló wí. Anisah ni ọmọ wọn kan ṣoṣo.

"Èmi? Kí n jókòó sẹ́yìn ẹ?"

"Ẹ̀yìn nìkan ni seat kù sí."

Bí ọ̀gá awakọ̀ ṣe di èrò ẹ̀yìn nìyẹn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó pariwo "bíréèkì" títí ohùn rẹ̀ fi há. Kàfí ò tẹ̀ ẹ́ àyàfi ìgbà tó bá wù ú.

Ní oṣù September ọdún 2017, Amos kó èèyàn mẹ́jọ àti kẹ̀kẹ́ mẹ́rin, ó di ilẹ̀ Faransé. Òkè lórí òkè ni ibi tí wọ́n lọ, igbó bo orí àwọn òkè náà, oko àjàrà bo ẹ̀gbẹ́ wọn, ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ kan sì la àárín gbogbo rẹ̀ kọjá, tí wọn ò jẹ́ kí mọ́tò kankan gbà. Kí wọ́n tó kúrò nílé, Alfa kan ti bi Nurain pé kí ni Mùsùlùmí ń wá lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì. Nurain ní àjàrà tó ṣì wà lórí igi kò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Amos pín iṣẹ́ fún wọn. Ẹni iwájú ò gbọdọ̀ gbójú kúrò nílẹ̀, torí pé òkúta wẹ́wẹ́ máa ń yọ̀. Nítorí náà, ẹni ẹ̀yìn tó bá ṣì ń ríran díẹ̀ ni yóò máa wo àmì ọ̀nà, ọfà aláwọ̀ ewé tí wọ́n kàn mọ́ igi.

"Daddy, ṣé ẹ máa lè rí àwọn sign yẹn?" Amos bi Nurain.

"Ṣé o mọ iye ọdún tí mo fi ka sign ní London?"

Oṣù tí ìgò wà ní Ìjẹ̀bú ni oṣù náà. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni páìpù tó fi ń wo ayé ti ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ẹ̀rù sì ń bà á, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún? Lọ́jọ́ kìíní ó rọrùn, torí pé ẹ̀yìn àwọn yòókù ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ṣéènì wọn já bọ́. Kí Kàfí tó dá a padà, àwọn yòókù ti lọ jìnnà. Wọ́n gun òkè kan, wọ́n ń mí hẹlẹ, wọ́n dé oríta láàárín igbó.

"Ọ̀tún ni àbí òsì?" Kàfí bi í.

Nurain gbójú sókè. Ewé ni gbogbo rẹ̀. Ó wá ọfà títí, kò rí nǹkan kan.

"Ọ̀tún," ló wí, bí ẹni tó bí ọ̀nà náà.

Ọ̀tún yẹn dà gẹ̀rẹ́ bí òrùlé. Kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré fúnra rẹ̀, òkúta ń ta sókè, ẹsẹ̀ Nurain ń yí tẹ̀lé ẹsẹ̀ Kàfí bó fẹ́ bó kọ̀. Ó ní kó rọra. Kàfí ti ń tẹ bíréèkì, táyà ló ń yọ̀ lọ. Kò sí ohun tí Nurain lè dì mú láyé yìí ju irin ọwọ́ kẹ̀kẹ́ iwájú rẹ̀ tí kì í yí lọ. Wọ́n já sínú oko àjàrà kan, wọ́n ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìgbọ̀nwọ́ Kàfí bó, ohun tó ṣẹlẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀nà ti tán síbẹ̀.

"Níbo ni sign yẹn wà?" Kàfí bi í.

"Mo rí i."

Kàfí ń wò ó. "Bàbá Anisah, àwọn gíréèpù tó wà níwájú yín yìí, kí ni color wọn?"

"Dúdú."

Wọn ò dúdú. Aláwọ̀ ewé ni wọ́n, oòrùn sì mọ́lẹ̀ sórí wọn kedere. Nurain na ọwọ́, ó fọwọ́ kan èso náà. Ọwọ́ kì í sọ àwọ̀ féèyàn.

"Ṣé ẹ ń kán drops yẹn?"

Ló bá jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgò àti omi ẹ̀rọ. Kàfí káwọ́ lérí, ó sunkún, inú sì bí i gan-an.

"Ojú kan ṣoṣo ló kù yín kù. Ẹ wá bù ú fún èèyàn?"

"Ọmọ ìyá mi ni."

"Èmi ńkọ́? Èmi tí màá máa fà yín lọ́wọ́ lọ sí toilet, kí ni mo jẹ́ sí yín?"

Nurain fọwọ́ wá ilẹ̀, ó jókòó.

"Kò sí ìgò tó tún máa lọ sí Ìjẹ̀bú mọ́," Kàfí wí. "Tí ẹ ò bá lè sọ fún wọn, èmi máa call wọn fúnra mi. Now now."

Ká má parọ́, ara tu Nurain díẹ̀. Ohun tí òun ò lè sọ láti ọdún méjì, ẹlòmíràn fẹ́ bá òun sọ ọ́.

Kàfí kọ́kọ́ pe Amos. Amos ní kí wọ́n jókòó síbẹ̀, pé ọkọ̀ van tó kó wọn wá ò lè dé ọ̀dọ̀ wọn, kẹ̀kẹ́ lòun máa gùn wá, ó sì máa tó wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ló pe Ìjẹ̀bú, tòun ti ìbínú rẹ̀, ó sì ṣí fóònù sókè kí Nurain lè gbọ́. Bíntù ìyàwó Bashiru, ìyá Medinat, ló gbé e.

"Ìyàwó mi, ire la ó máa bá ara wa ṣe o. Bàbá Medinat ti ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́ fúnra wọn. Kò sẹ́ni tó bá wọn ṣe é. Ẹ dúró, wọ́n ń gba fóònù."

Ohùn Bashiru wọlé, ó rọ̀, ó ti darúgbó díẹ̀. "Ìyàwó wa, ó dáa bó o ṣe pè. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi. Nurain ní ojú tòun ti san, pé èyí tó ṣẹ́ kù lòun ń fi ránṣẹ́ sí mi. Mo ní bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, mi ò gbà á, kí n fọ́jú ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ìwọ lò ń rí i lójoojúmọ́. Ṣé òótọ́ ni?"

Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ. Ẹnu Kàfí wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti tò síbẹ̀ láti ìṣẹ́jú márùn-ún sẹ́yìn. Ó wo ọkọ rẹ̀. Nurain jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó dojú kọ ibi tí kò sí ẹnì kankan, ó ń retí ohun tó máa sọ.

"Òótọ́ ni, Daddy," Kàfí wí. "Ó ti san. Òmíràn ń bọ̀ bó ṣe máa ń bọ̀."