Fóònù Mẹ̀kúnnù Tó Dún Borí Ayùn

Gbogbo ẹni tó ń ra fóònù ní àdúgbò wa ló mọ ọmọ àbúrò mi obìnrin. Ìyá Fóònù ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò tíì bí ọmọ kankan. Èmi tí mo fi ẹ̀yìn páálí àti ara agolo kọ́ ara mi níwèé ni mo ń sọ ọ́, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ó gba àyè kékeré kan nínú ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin kan tó ń ta fóònù olówó gọbọi. Àpótí onígíláàsì kan ṣoṣo ló ní, fóònù tuntun kan tí kò wọ́n ló sì kó kún inú rẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ń lọ́ni láhọ́n, la bá sọ ọ́ ní Mẹ̀kúnnù. Àwọn olówó kì í tilẹ̀ wò ó. Àwọn tí fóònù onítẹ̀ ti sú, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé kò ní pẹ́ bàjẹ́. Kò sẹ́ni tó rà á.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníṣọ́ọ̀bù fárígá. "Tí ẹnì kan ò bá ra nǹkan yìí kí n tó tilẹ̀kùn lónìí, gbé àpótí ẹ kúrò. Ẹni tó ń ta awò ojú ti ń bẹ̀ mí fún àyè yẹn."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù."

"Ṣé sùúrù ni mo ń tà ni?"

Ìyá Fóònù sáré wá bá mi níta. "Bàbá, ọ̀gá káfíńtà òdìkejì títì, ṣebí kì í gbọ́ fóònù ẹ̀ tí ayùn bá ti ń ké? Àwọn oníbàárà á pè é títí, wọ́n á gbéṣẹ́ fún ẹlòmíì. Mẹ̀kúnnù yìí lóhùn! Mo ti ki síìmù mi bọ ọ̀kan. Ẹ bá mi pè é lójú ẹ̀!"

Ó mú fóònù, ó ti àpótí pa, a gba òdìkejì lọ. Ayùn oníná ń bú ramúramù, eruku pákó bò wá lójú. Ó gbé fóònù sórí bẹ́ǹṣì, mo pè é.

Fóònù kò dún rárá.

"Ìyá Fóònù," ni ọ̀gá káfíńtà ké, "ọmọ tó o bí yìí yadi o!" Ẹ̀rín pa òun àti àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀.

Ìyá Fóònù he fóònù náà, ojú rẹ̀ yí padà. "Yéè! Dọ́mì ni mo gbé!" Èyí ni páálí lásán tí wọ́n ṣe bíi fóònù, táwọn tó ń tà á máa ń tò síta kí olè má baà jí ojúlówó. Ojúlówó tó ki síìmù bọ̀ wà nínú àpótí.

Omi ti ń lé sí i lójú nígbà tí ọ̀gá káfíńtà nawọ́ sókè. "Ẹ dákẹ́! Kí ló ń dún yẹn?"

N kò tíì pa ìpè náà! Kò sì sẹ́ni tó pa ayùn o. Láti inú gíláàsì, láti ẹ̀yìn ògiri, láti òdìkejì títì, Mẹ̀kúnnù ń ké! Ilẹ̀ ń gbọ̀n. Adìyẹ fò sórí òrùlé. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, ṣé ó wà níbẹ̀ ni?

Gbogbo wa sáré. A bá oníṣọ́ọ̀bù níwájú àpótí, ó fọwọ́ dí etí méjèèjì. "Kọ́kọ́rọ́ dà? Ẹ bá mi pa nǹkan yìí!"

"Ẹ má pa á o!" ni ọ̀gá káfíńtà ké. "Fóònù mi nìyẹn!"

"Tèmi náà dà?" ni ọmọṣẹ́ rẹ̀ kan ké.

"Ẹ má tì mí, èmi ni mo kọ́kọ́ débí!"

Ìyá Fóònù ṣí àpótí. Oníṣọ́ọ̀bù sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bá mi mú ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ìyàwó mi. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é ló máa ń ní òun ò gbọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, àpótí tẹ́ ẹ ní kí n gbé kúrò ńkọ́?"

"Àpótí wo? Ta ló ní kó o gbé e?"