Àwọ̀ Tí Mo Fi Kun Abúlé Wa

Eruku pupa ọ̀nà Ṣakí ló kọ́kọ́ máa ń wá sí mi lọ́kàn tí mo bá rántí ìgbà tí mo ń fi ọ̀kadà wọn ọ̀nà ilé ìwòsàn kiri. Kò sẹ́ni tó rán mi. Fóònù ni mo fi kọ́ ara mi ní yíya àwòrán ilẹ̀. Láti Kòmú títí dé Ìgbẹ́tì, mo fẹ́ mọ bí abúlé kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà tó sí ibi tí wọ́n ti lè ṣiṣẹ́ abẹ fún aboyún. Àwọn àgbà ní ibi tí a fojú sí, ọ̀nà kì í gba ibẹ̀. Nítorí náà, gbogbo kọ́nà ni mo gùn dé. Ara ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo ya á sí: ibi tó jìnnà, mo fi pupa kùn ún, ibi tó súnmọ́, àwọ̀ ewé.

“Ṣé kíláàsì lo fẹ́ sọ ilé mi dà ni?” ni màmá onílé wa wí.

Abúlé wa, lẹ́yìn Àgọ́-Àrẹ, àwọ̀ ewé ni mo fún un. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ilé ìwòsàn Ṣakí ọ̀hún.

Nígbà òjò, ìyàwó ọmọ màmá rọbí, ọmọ kò wá. Nọ́ọ̀sì abúlé ní ká gbé e lọ sí Ṣakí kíákíá. Ọ̀kadà mi nìkan ló wà nílé.

“Bàbá Ìbejì, ṣé kò jìnnà?” ni màmá bi mí.

“Kò jìnnà, Màmá. Ẹ wo ògiri.”

A fi í sáàárín, bí a ṣe ń gbé aláìsàn níbí: èmi níwájú, ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn tó gbá a mú. Ìgbà náà ló yé mi pé èmi nìkan ni mo dá gun ọ̀nà tí mo wọ̀n, nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Kòtò tí mo máa ń fò, mo ní láti rọra gba inú rẹ̀ kọjá.

“Ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́,” ni obìnrin náà ń wí.

“Ẹ sáré!” ni ọkọ rẹ̀ ń wí.

Nígbà tí a dé odò, omi ti bo afárá. Mo mọ bí ọ̀nà tó kù ṣe gùn tó, mo mọ gbogbo kọ́nà rẹ̀. A dúró, à ń wo omi títí ó fi fà, ká tó lè kọjá dé Ṣakí.

Ìyá yè. Ọmọ kò yè.

Mo ti tún gbogbo rẹ̀ wọ̀n báyìí, nínú òjò, pẹ̀lú ìrìn jẹ́jẹ́ ọjọ́ yẹn. Pupa ti bo ògiri. Lọ́jọ́ kan tí màmá ń bó ẹ̀gúsí nísàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí n fi abúlé wa han àwọn. Mo nàka sí i.

“Tí o ti wá fi pupa kùn ún yìí, ọ̀nà ọ̀hún ti kúrú ni?”

Ìyàwó ọmọ màmá ti tún lóyún. Ìgbà òjò ni ìbímọ rẹ̀ yóò bọ́ sí.