Ìgò Mẹ́fà Tí Mo Gbé Lọ sí Ìtàjí

Àkùkọ kò tí ì kọ ní Ìkọ̀lé tí inú ti ń bí mi. Ọ̀gá mi ní yunifásítì ti sọ pé bí n kò bá bu omi kànga ẹ̀rọ Ìtàjí dé lọ́jọ́ náà, òun á gbé iṣẹ́ ìwádìí mi fún ẹlòmíì. Mo di ìgò mẹ́fà mọ́ra, mọ́tò já mi sí oríta, ọlọ́kadà sì ní kí n san owó èèyàn méjì. Nítorí ìgò òfìfo!

"Kí lẹ fẹ́ fi omi ṣe?" ó bi mí bí ọ̀kadà ṣe ń já sí kòtò ojú ọ̀nà.

Mo ní epo rọ̀bì a máa há sínú àpáta nísàlẹ̀ ilẹ̀. Bakitéríà, ìyẹn ohun ẹlẹ́mìí tí ojú lásán kò rí, a máa yọ ohun tó ń fà bí ilá, á dí ihò ńlá inú àpáta. Omi tí àwọn tó ń wa epo bá tì wọlé á wá gba ihò kéékèèké, á lé epo jáde. Irú bakitéríà bẹ́ẹ̀ ni mo ń wá nínú omi Ìtàjí.

"Epo pupa nìkan la ní ní Ìtàjí o," ó ní.

Bàbá Ìjọ tó ń bójú tó kànga náà ń dúró dè mí. Ọdún méjì ni omi ibẹ̀ ti ń kán tó-tó-tó, ó pọ́n, ó ń yọ̀. Ẹni tó gbẹ́ ẹ ní omi inú àpáta ti tán.

"Ẹ kú uṣẹ́, mà. A ti fọ̀ ọ́ dè yín."

"Ẹ fọ kí ni, sà?"

"Kànga ni. A da bulíìṣì sí i lánàá, a fà á dànù láàárọ̀ títí òórùn fi lọ. A kì í fi ùdọ̀tí gba àlejò."

Gbogbo wa la ń gbálẹ̀ de àlejò, àmọ́ ta ní ń gbá inú ilẹ̀? "Ẹ ti fi bulíìṣì pa bakitéríà mi, Bàbá!" Mo fi ìbínú fa ọwọ́ ẹ̀rọ. Omi tú jáde, ó mọ́ gaara, ó rin mí dé orúnkún.

Ìyá kan gbé korobá rẹ̀ sílẹ̀. "Ọdún méjì la fi pọn omi odò. Ẹ̀yin yunifásítì, ṣé ẹ mọ̀ pé fífọ̀ nìkan ni kànga wa ń fẹ́?"

Mo mọ̀ pé bakitéríà ló dí ihò àpáta kànga náà, kì í ṣe pé omi tán. Mo ti kọ ọ́ sínú ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ojú tì mí.

Mo dé Ìkọ̀lé pẹ̀lú ìgò mẹ́fà òfìfo. Inú ṣì ń bí mi, àmọ́ kì í ṣe sí Bàbá Ìjọ mọ́. Kí n tó bọ́ bàtà, mo mú bírò, mo kọ bí wọ́n ṣe ń fọ kànga ẹ̀rọ, ní Yorùbá.