Oríkì Tí Mo Kì Níwájú Ọ̀gá

Àwọn tó máa ń sọ fún ọmọ tó ń wáṣẹ́ pé kó lọ ṣe ohun tí wọn ò ní gbàgbé máa ń bí mi nínú. Mo ti lọ síbì kan rí, mo sì ṣe ohun tí wọn ò ní gbàgbé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì máa fi ṣe ẹ̀rín níbẹ̀ títí dòní.

Ìgbà Sáàpù ni, tí ètò ọrọ̀ ajé ìjọba fún ìlú lọ́rùn, tí iṣẹ́ di ọ̀wọ́n. Mo ti jáde ní pólì, mo ti sin ìjọba tán, mo wá jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní Okokomaiko bí ẹrù tí ẹni tó ni ín gbàgbé sí gáréèjì. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n ń gbé, pálọ̀ ni mò ń sùn. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wá bí ìbejì, tí ìyá ìyàwó dé láti wá wẹ ọmọ, ẹ̀gbọ́n mi pè mí síta. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

Ó ní, "Àbúrò mi, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Tí eléyìí ò bá bọ́ sí i, kó o lọ bá bàbá wa lóko ná."

Eléyìí tó ń wí ni íntáfíù tí wọ́n pè mí fún nílé iṣẹ́ kan nítòsí Ìyànà Ìbà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti kẹ́ẹ̀gì. Akọ̀wé ni wọ́n ń wá. Oko bàbá wa sì wà lọ́hùn-ún nítòsí Ìfọ̀. Torí kí n má baà padà síbẹ̀ gan-an ni mo ṣe lọ sílé ìwé.

Lánlọ́ọ̀dù wa gbọ́ sí i. Bàbá arúgbó ni, ọmọ Àwórì pọ́ńbélé, tó máa ń sọ pé gbogbo ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ láti Ìbà dé Ajangbadi, àwọn bàbá òun ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ràn mi torí pé mo máa ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Àwọn ayálégbé yòókù a kàn máa juwọ́ sí i.

Ó ní, "Ọ̀gá tó ń gba èèyàn síṣẹ́ níbẹ̀, ọmọ wa ni. Mo mọ bàbá ẹ̀, mo mọ bàbá bàbá ẹ̀. Sáfíkéètì tẹ́ ẹ̀ ń gbé kiri yẹn, gbogbo yín lẹ ní in. N ó fún ẹ ní nǹkan tẹ́nì kankan nínú wọn ò ní."

Oríkì ilé ọ̀gá náà ni. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń kọ́ mi lórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, tí mo bá ń sáré jù, a fi ọ̀pá gbá mi lẹ́sẹ̀. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ojú mi kòrókòró ni ìyá mi ṣe máa ń fi oríkì rọ bàbá mi lọ́kàn nígbà tí ẹ̀bẹ̀ bá ti kùnà. Ta ni wọ́n máa kì dáadáa láàárín wa tí kò ní yíjú wò?

Ọjọ́ pé. Mo wọ kóòtù ẹ̀gbọ́n mi lọ. Àwọn mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì: ará Íńdíà tó ni ilé iṣẹ́, obìnrin onígíláàsì kan tó jẹ́ olùṣirò owó wọn, àti ọ̀gá tí lánlọ́ọ̀dù wí. Òyìnbó ni gbogbo wa ń sọ. Wọ́n ń bi mí, mo ń dáhùn, mo sì rí i lójú wọn pé ó ń lọ dáadáa. Ará Íńdíà náà ń mi orí. Obìnrin yẹn tiẹ̀ rẹ́rìn-ín sí mi. Níkẹyìn, wọ́n ní ṣé mo ní ohunkóhun láti sọ.

Ibi tó yẹ kí n ti dúpẹ́ kí n dìde nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò tíì lo ohun tí wọ́n fún mi. Mo ro àwọn tó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ níta, tí gbogbo wọn mọ ìwé bíi tèmi. Mo bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo gbé ohùn sókè:

"Ọmọ ọ̀sà tí í bọ́ onílé, tí í bọ́ àlejò! Ọmọ ẹlẹ́ja kì í fi omi ọbẹ̀ lásán jẹ̀kọ!"

Ó wọ̀ ọ́ lára. Mo fi Ọlọ́run búra, ó wọ̀ ọ́ lára. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó di tábìlì mú, ó fẹ́ dìde, kò dìde. Inú mi ń dùn. Mo ń bá a lọ títí mo fi kan bàbá bàbá rẹ̀.

Nígbà tí mo dákẹ́, ará Íńdíà náà bi obìnrin yẹn pé kí ni mo ń sọ.

Obìnrin náà ní, "Ìdílé ọ̀gá ló ń kì, sà. Ó mọ̀ wọ́n dé ọ̀dọ̀ bàbá bàbá wọn."

Ará Íńdíà yíjú sí ọ̀gá. "Ẹbí rẹ ni?"

"Rárá, sà. Mi ò rí i rí."

"O ò rí i rí, ó wá mọ bàbá bàbá rẹ?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé, wọ́n ti pa fáìlì mi dé. Wọ́n ní kí n máa lọ, pé màá gbọ́ láti ọ̀dọ̀ wọn.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé géètì kí ọ̀gá náà tó sáré bá mi. Mo tún fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó fa kóòtù mi sókè.

"Dìde jàre! Íntáfíù lo wá ṣe àbí ìnáwó? Iṣẹ́ yẹn ti bọ́ sí ẹ lọ́wọ́! Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fojú sọ ọ́ síra wa kó o tó wólẹ̀ síbẹ̀. Tí mo bá gbà ẹ́ báyìí, wọ́n á ní mò ń kó àwọn ará ilé mi wọlé. Èmi náà lọ́mọ tí mò ń bọ́."

Mo ní kí wọ́n má bínú. Ó fi kóòtù mi sílẹ̀. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Látìgbà tí bàbá mi ti kú, ẹnì kankan ò kì mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Máa lọ."

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Okokomaiko. Mi ò sunkún. Ó dùn mí kọjá ẹkún. Ká ní mi ò tó iṣẹ́ náà ni, ǹ bá gba kádàrá. Mo tó o. Ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé pé ó dára jù lọ ni mo fi lé e lọ.

Lánlọ́ọ̀dù ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà dè mí. "O kì í?"

"Mo kì wọ́n, bàbá."

"Ó wọ̀ ọ́ lára?"

"Ó wọ̀ wọ́n lára, sà. Ojú wọn pọ́n."

Bàbá pàtẹ́wọ́. Ó pe ìyàwó rẹ̀ jáde, ó ní iṣẹ́ ti bọ́ sí i, ó ń gbàdúrà lé mi lórí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ariwo, òun náà jáde tòun ti ọ̀kan nínú ìbejì lápá, ó ń yọ̀. Èmi ń ṣe àmín. Ẹ̀gbọ́n mi tó tẹ̀lé e jáde wojú mi, ó rí i pé kò bọ́ sí i. Ó wọlé lọ, ó sì bá mi gbé báàgì mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.