Àgbò Funfun Àlàájà àti Mọ́tò Fọlájìmí

Funfun báláú ni àgbò náà nígbà tí wọ́n so ó mọ́ ìdí gúáfà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti dà bí ìdí ìkòkò. Ọgbà ilé Àlàájà Falilat ní Abúlé Òkúta ló ti ṣẹlẹ̀, nígbà tí ìjọba alágbádá pé bí ọdún mẹ́rin. Àlàájà ló ni ilé. Fọlájìmí, tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó ní Bajulaiye, ni ayálégbé ẹ̀, ẹ̀gbẹ́ gúáfà yẹn sì ni mọ́tò àtijọ́ tó ní ń sùn. Àárọ̀ tó bá ti sítáàtì ẹ̀, èéfín dúdú á rọ́ lu àgbò.

“Fọlájìmí, wo àgbò mi! Funfun ni mo rà, ó ti di eléérú. Ìléyá ku ọ̀la, àwọn àna mi ń bọ̀. Bí mọ́tò yẹn bá tún ṣe báyìí láàárọ̀ ọ̀la, títì ni á máa sùn.”

“Ẹ má bínú, màámi.”

Ta ni ò mọ títì? Mọ́tò tó bá sùn síta, bátìrì ẹ̀ ò ní bá a jí. Kí ni Fọlájìmí á wá fi máa kó káàdì lọ fáwọn oníbàárà ní Palmgrove?

Mẹkáníìkì ti sọ fún un pé sẹ́ńsọ̀ méjèèjì ló ti kú. Nǹkan kékeré bíi pílọ́ọ̀gì ni, ara páìpù sàlẹ́ńsà ni wọ́n ń dè é mọ́. Òun ló ń gbọ́ òórùn èéfín, tó ń sọ fún ẹ́ńjìnnì pé epo ti pọ̀ jù. Tó bá kú, ẹ́ńjìnnì á máa mu epo bí ọ̀mùtí tí ò sẹ́ni tó máa sọ fún un pé ó tó. Fọlájìmí ti ra tòkunbọ̀ méjì, àmọ́ mẹkáníìkì ti gba ilé lọ ṣọdún.

Ló bá ká ṣòkòtò sókè. Ó fi òkúta ti táyà, ó fi jáàkì gbé mọ́tò, ó ki igi ńlá sábẹ́ ẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ti iwájú ò mira. Ó da kẹrosín sí i, ó so rọ̀ mọ́ sípánà, òógùn bò ó.

Rebecca ìyàwó ẹ̀ ń bẹ iṣu lẹ́nu ọ̀nà. “Dádì Dọlápọ̀, ẹ rọra, kó má kán síbẹ̀. Tí ọmọrí ìkòkò bá lẹ̀, ṣé kì í ṣe iná la máa ń gbé e padà sí ni?”

Òótọ́ ni. Irin tó bá gbóná á tú. Àmọ́ kí páìpù tó gbóná, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, tó bá sì ṣiṣẹ́, èéfín dé nìyẹn. Àlàájà sì rèé lórí àga, tẹ̀súbáà lọ́wọ́.

Fọlájìmí dọ̀bálẹ̀. “Màámi, mo fẹ́ tọrọ nǹkan.”

“Owó ilé ni?”

“Rárá mà. Èéfín ni. Ẹ jẹ́ kí n tú u lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè tán.”

Àlàájà wò ó bí ẹni tí ibà ń ṣe. “O wá gbàṣẹ kó o tó ba àgbò mi jẹ́? Ó dáa. Rebecca, tú àgbò, mú un wọlé ẹ.”

“Rúùmù tiwa, mà?”

“Àbí èmi ni mo ni mọ́tò?”

Wọ́n mú àgbò wọlé. Ẹ́ńjìnnì kùn díẹ̀, èéfín bo gúáfà, Fọlájìmí pa á. Ó fi àkísà wé ọwọ́, ó tẹ sípánà: kẹ̀ẹ́! Sẹ́ńsọ̀ yọ, ó dúdú bí èédú. Ó de tòkunbọ̀ méjèèjì síbẹ̀, ó so wáyà wọn, ó tún sítáàtì. Bébà funfun tó fi ń yẹ íǹkì wò níbi iṣẹ́ ló nà sẹ́nu sàlẹ́ńsà.

Àlàájà gba bébà náà, ó yí i síwá sẹ́yìn. Omi díẹ̀ ló wà lára ẹ̀, pẹ̀lú àbààwọ́n kékeré kan.

“Kò burú. Kó máa sùn síbẹ̀. Àmọ́ ta ló máa fọ àgbò mi?”

Fọlájìmí ti ń wá ọṣẹ nígbà tí Rebecca ké láti inú ilé: “Ẹ gbà mí o! Káàdì oníbàárà ló ń jẹ!”

Títí ilẹ̀ fi ń ṣú, Fọlájìmí ń fọ àgbò lábẹ́ gúáfà, ìyẹn náà ń jẹ káàdì ìgbéyàwó onígbéyàwó lẹ́nu.