Àmì Pupa Lára Ilé Olópòó Mẹ́rin

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí a máa pe odò wa ní gọ́tà. Bí mo bá ti gbọ́ ọ báyìí, inú á bí mi. Odò ni. Àwọn èèyàn ti kọjú ilé sí i kí wọ́n tó bí bàbá ẹni tó ń pè é ní gọ́tà. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn wá bi mí lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí àtẹ̀gùn méje fi wà lára ògiri kọnkéré odò náà, níbi tí kò sí ilé, tí kò sí ọ̀nà. Mo ní kó fìdí balẹ̀.

Ìsọlọ̀ là ń gbé nígbà tí owó epo rọ̀bì dé. Bíríkìlà ni bàbá mi, láti ọ̀nà Ìwó ni wọ́n ti wá sí Èkó, a sì gba yàrá kan nínú ilé ìyá arúgbó kan ní etí odò. Màmá Onílé ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọkọ wọn tó ti kú ló kọ́ ilé náà, káfíńtà tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà tó ti òkè òkun padà dé sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Amọ̀ ni ògiri ilé ọ̀hún, ṣùgbọ́n símẹ́ńtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Orí fèrèsé rẹ̀ rí bí ìlàjì igbá, òpó mẹ́rin ló gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ró, ilẹ̀kùn ìrókò rẹ̀ sì ní òdòdó tí ọkọ Màmá fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Bàbá mi, tí kì í yin iṣẹ́ oníṣẹ́, a máa fọwọ́ pa òpó wọ̀nyẹn lára bí wọ́n bá ń jáde láàárọ̀.

Odò ni gbogbo ilé etí omi kọjú sí nígbà náà. Kí ọ̀nà mọ́tò tó dé, ẹ̀bá odò ni àlejò ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni igi ìdáná àti epo pupa ń gbà dé. Nígbà tí ọ̀dà wá dé ojú títì, ẹ̀yìn ilé wa ló gbà. Ẹni tó bá jókòó sínú mọ́tò, balùwẹ̀ àti ilé ìdáná wa ló ń rí, á sì máa rò pé ọ̀bùn ni wá. Kò mọ̀ pé aṣọ ńlá wa wà lápá kejì.

Ilé Màmá nìkan ló sún sẹ́yìn. Ọkọ wọn ti kíyè sí i pé odò náà máa ń wú nígbà òjò, ó sì fi ogún ìṣísẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti omi. Ó wá fi òkúta ṣe àtẹ̀gùn láti etí bèbè sọ̀ kalẹ̀ sínú odò. Ibẹ̀ ni Màmá ti ń ṣe àlùwàlá ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó sórí òkúta tó ga jù, wọ́n á ká ìró sókè, wọ́n á máa bu omi díẹ̀díẹ̀.

Owó dé, ilé iṣẹ́ ń hù ní Ìsọlọ̀ bí olú, lọ́rí símẹ́ńtì kò jẹ́ ká sinmi. Ìjọba ní àwọn fẹ́ tún odò ṣe kó má baà máa ya wọ àwọn ilé iṣẹ́, wọ́n ní àwọn máa na ibi tó bá wọ́, àwọn máa fi kọnkéré mọ ògiri sí i lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bàbá mi rí iṣẹ́ níbẹ̀. Inú wa dùn débi pé a jẹ adìyẹ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sán Sátidé kan ni ọkùnrin méjì gbé agolo ọ̀dà pupa dé. Wọ́n ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń fa ìlà méjì tó gbé ara wọn kọjá sára ògiri, wọn ò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àyálégbé kan wà nílé wa tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ. Ọ̀gbẹ́ni yẹn, láyé, kò sọ rí pé òun ò mọ nǹkan. Ó ní, "Omi ẹ̀rọ ni. Ilé tí wọ́n bá sàmì sí ni ìjọba máa fa omi ẹ̀rọ dé." Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Nígbà yẹn, ojoojúmọ́ là ń gbọ́ pé ìjọba ti fún àwọn kan ní nǹkan tuntun. Àwọn aládùúgbò ń kí àwọn ọlọ́dà kú iṣẹ́, wọ́n ń gbé àga fún wọn.

Wọ́n wo ilé tiwa, wọ́n wo ìwé ọwọ́ wọn, wọ́n sì kọjá lọ.

Màmá dìde lórí ẹní. "Kí ni mo ṣe fún wọn tí wọ́n fi fò mí? Ṣé ilé mi ò sí létí odò ni?"

Mo ní, "Màmá, bóyá wọ́n gbàgbé ni."

"Sáré lé wọn. Ẹsẹ̀ ẹ yá ju tèmi lọ. Sọ pé ìyá arúgbó ń kí wọn, kí wọ́n wá kọ tèmi náà."

Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Mo bá wọn nítòsí afárá, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fo ilé Màmá wa, ilé olópòó mẹ́rin."

Èyí tó dàgbà nínú wọn tún ṣí ìwé. "Kò sí níbí."

"Màmá ní kí ẹ bá àwọn kọ ọ́ sí i."

Ó wo ẹnì kejì rẹ̀ lójú. "Ìyá yẹn fúnra wọn ló rán ẹ?"

"Àwọn ni, sà."

Wọ́n padà. Mo ń rìn níwájú wọn bí ẹni pé èmi ni mo ni ìjọba. Ó fa ìlà pupa méjì sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn olódòdó, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Màmá fún wọn lóbì, Màmá ní kí n bu omi tútù fún wọn látinú àmù, wọ́n wá ṣàdúrà fún wọn pé ilé tiwọn náà kò ní dahoro. Èyí tó kéré gba ife omi, kò mu ún, ó rọra gbé e sílẹ̀. Mo rò pé ìgbéraga ni, mo tilẹ̀ bínú sí i. Mo ti dàgbà kí ó tó yé mi pé ojú ló ń tì í. Ta ni yóò la ẹnu sọ fún ẹni tó ń fún un lómi pé ilé rẹ̀ ni òun wá sàmì sí fún wíwó?

Nírọ̀lẹ́, bàbá mi dé láti ibi iṣẹ́. Wọ́n rí àmì náà, wọ́n sì fìdí lélẹ̀ sórí búlọ́ọ̀kù láìbọ́ bàtà. Wọ́n bi wá pé ta ló pe àwọn ọlọ́dà. Mo lọ fara pamọ́ sẹ́yìn òpó. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, wọ́n ní, "Màmá, ara ilé tí wọ́n fẹ́ wó ni wọ́n ń fa àmì yìí sí."

Màmá ní, "Omi ẹ̀rọ ńkọ́?"

Bàbá mi fi kẹrosínì fọ àmì náà, wọ́n fi ẹfun kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Láàárọ̀ Mọ́ńdè, wọ́n mú fọ́mánù wọn wá, wọ́n fi okùn àti èèkàn hàn án pé ògiri odò kò ní dé ìdí ilé náà. Fọ́mánù ní, "Mo rí i. Ilé yìí ò sí lójú ìlà. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti wọnú ìwé, ọwọ́ mi ò tó o." Bàbá mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Ní ọ́fíìsì, wọ́n ní kí onílé mú ìwé ilẹ̀ wá. Ìwé ilẹ̀ wo? Ẹnu ni wọ́n fi fún ọkọ Màmá nílẹ̀, àwọn tó fún un ti kú, àwọn ẹlẹ́rìí ti kú. Ìgbà mẹ́fà ni bàbá mi lọ, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù iṣẹ́ wọn nítorí ẹ̀.

Ọjọ́ tí katakata tó ń wó ilé dé, Màmá ti gbálẹ̀ ilé náà láti ìdájí, yàrá dé yàrá. Bàbá mi tú ilẹ̀kùn ìrókò kúrò lára ògiri, wọ́n gbé e sábẹ́ igi. Kò pẹ́ rárá. Amọ̀ kì í bá irin jà. Òpó kẹrin nìkan ló dúró díẹ̀ kí ó tó wó.

Mo ń retí kí wọ́n bá mi wí. Nígbà tí kò sẹ́ni tó bá mi wí, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Màmá lábẹ́ igi náà. Mo ní, "Màmá, èmi ni mo lọ pè wọ́n."

Wọ́n ní, "Èmi ni mo rán ẹ. Ọmọ tí a rán níṣẹ́ tó jẹ́ ẹ dáadáa, kí ni ẹ̀bi ẹ̀?"

Ìbá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Àwa kó lọ sí Apákùn, Màmá kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin ní Bọ́ládé, Òṣòdì. Bàbá mi padà sẹ́nu iṣẹ́, àwọn ni wọ́n sì mọ ògiri odò níwájú ibi tí ilé wà tẹ́lẹ̀. Kò sí àtẹ̀gùn nínú àwòrán tí ìjọba yà. Bàbá mi ṣe é. Méje péré, ní ibi tí àtẹ̀gùn òkúta ti wà, wọ́n sì fi òkúta ọkọ Màmá sí èyí tó ga jù. Fọ́mánù kọjá, ó rí i, ó kọjú síbòmíràn. Ìdí tí àtẹ̀gùn yẹn fi wà níbẹ̀ nìyẹn. Màmá kò padà wá gùn ún.

Mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí mo ra ọsàn tí mo lọ kí wọn ní Bọ́ládé. Wọn ò lè dìde mọ́, ojú wọn sì ti bàjẹ́. Ilẹ̀kùn ìrókò fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò ṣí sí ibì kankan. Wọ́n dá ohùn mi mọ̀. Wọ́n bi mí léèrè bàbá mi, wọ́n bi mí léèrè ilé ìwé, wọ́n wá nawọ́ kan ilẹ̀kùn náà.

"Kí ni ìjọba kọ́ síbi ilé mi?"

Mo ní, "Ẹ̀rọ omi ni, Màmá."

"Ẹ̀rọ omi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ma. Àwọn ọmọ ń pọn ọ́n láàárọ̀ àti lálẹ́."

Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n wá ọwọ́ mi kiri lórí bẹ́ẹ̀dì títí wọ́n fi rí i dì mú. "Mo kúkú sọ fún yín," ni wọ́n wí. "Bàbá ẹ ò gbà mí gbọ́."

Koríko nìkan ló wà níbi tí ilé wọn wà tẹ́lẹ̀. Mo ti gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà kí n tó wọ mọ́tò lọ sí Bọ́ládé, ó sì ti dé mi ní orúnkún.